Ẹ Bi Ìyá Akápò: Ohùn Ọ̀gá Ni, Àmọ́ Ṣé Ọ̀gá Ni?

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Lẹ́tà yín pọ̀ lóṣù yìí, òru Sátidé méjì ni mo fi kà wọ́n, ẹ̀yin tí mi ò rí dá lóhùn ẹ má bínú, ó di oṣù tó ń bọ̀. Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa bọ̀, iṣẹ́ akápò ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, báyìí àwọn ilé iṣẹ́ ló máa ń pè mí pé kí n wá wo bí owó wọn ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, àti ta ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ohun tí mo sì ń bá nílé iṣẹ́ ńlá náà ni mo ń bá ní ṣọ́ọ̀bù, iye òdo tó wà lẹ́yìn owó ló kàn yàtọ̀.

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan tó ń ta irin àti símẹ́ǹtì ni mo ti ń ṣe akáǹtáǹtì. Ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ọ̀gá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé kí n san mílíọ̀nù méjìdínlógún fún àwọn tó ń kó irin wá fún wa, wọ́n ti pààrọ̀ akáǹtì, kí n má sì pe òun torí òun wà nínú mítìn. Ohùn ọ̀gá ni, mo mọ̀ ọ́n. Nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀, ó ní fóònù òun ti kú, òun yá ti ẹlòmíì lò ni. Mi ò san án, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa. Nígbà tó di Mọ́ńdè ọ̀gá lóun ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé òun ni ńkọ́? Ṣé wọn ò ní lé mi dà nù? — Akáǹtáǹtì tí àyà ń já, Ìkẹjà

Ẹ fọkàn balẹ̀. Irọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì yẹn, Ọlọ́run á forí jì yín, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ ṣe yẹn, ọ̀pọ̀ máníjà tó gba dígírì méjì ni ò ní lè ṣe é. Ẹ wo bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀ ọ̀hún: ọjọ́ Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́, tí kálukú ti ń wo ọ̀nà ilé, owó ńlá, akáǹtì tuntun, nọ́ńbà tuntun, má pè mí. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tó ṣèèṣì. Bí gbájúẹ̀ ṣe máa ń ṣe láti ayébáyé nìyẹn, kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ ráyè ronú, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ bá ẹlòmíì sọ ọ́.

Ti ohùn yẹn, ẹ má fi ohùn nìkan dá ẹnikẹ́ni mọ̀ mọ́ tó bá ti kan owó. Ẹ̀rọ ti wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí ọ̀gá yín sọ níbi ìgbéyàwó, tí wọ́n gbé sórí Facebook, ó ti tó o, á máa sọ̀rọ̀ bíi tiẹ̀. Kì í sì í ṣe ohùn nìkan. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì Arup ní Hong Kong (ilé iṣẹ́ àwọn ẹnjiníà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Arup) gba iṣẹ́ pé ọ̀gá ètò ìnáwó wọn nílùú ọba fẹ́ kó san owó kan ní bòókẹ́lẹ́. Ara fu ú. Ẹ gbọ́ mi o, ara fu ú! Àmọ́ wọ́n ní kó wá sí mítìn orí fídíò, ó débẹ̀, ó rí ọ̀gá, ó rí àwọn míì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀, ọkàn ẹ̀ bá balẹ̀. Ayédèrú ni gbogbo wọn, òun nìkan lèèyàn gidi níbẹ̀. Ìgbà 15 ló fi owó ránṣẹ́, àpapọ̀ ẹ̀ tó 200 mílíọ̀nù dọ́là ti Hong Kong, ìyẹn bíi 25 mílíọ̀nù dọ́là Amẹ́ríkà. Ìgbà tó wá béèrè lọ́wọ́ olú ilé iṣẹ́ lẹ́yìn náà ló tó mọ̀ pé wọ́n ti lu òun ní jìbìtì. Tó bá jẹ́ pé ó ti kọ́kọ́ béèrè ni.

Ẹ má rò pé àwọn tí ò lajú ló ń kó sí i o. Láàárín 2013 sí 2015, ọkùnrin ará Lithuania kan lọ dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Latvia, ó sọ ọ́ lórúkọ kan náà pẹ̀lú Quanta, àwọn ará Taiwan tó ń ta ẹ̀rọ fún Google àti Facebook, ó ṣí akáǹtì lórúkọ yẹn, ó wá ń fi íméèlì àti ìwé owó ayédèrú ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n ń san. Google o! Facebook o! Owó tó lé ní 100 mílíọ̀nù dọ́là ló ti wọlé sí i lọ́wọ́ kí wọ́n tó já a, ọdún 5 ni wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n ní 2019. Kò fọ́ ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni, ìwé owó ló ń kọ.

Ohun tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé báwo lolè ṣe mọ̀ pé irin la rà, báwo ló ṣe mọ iye ẹ̀. Ẹ lọ yẹ íméèlì ilé iṣẹ́ yín wò, kí àwọn tó ń ta irin náà yẹ tiwọn wò. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti wọ inú ẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, ó lúgọ síbẹ̀ bí ológbò, ó ń ka gbogbo ẹ̀ láìfọwọ́ kan nǹkan kan, á ti tún un ṣe pé gbogbo íméèlì tí ọ̀rọ̀ owó bá ti wà nínú ẹ̀ kí ẹ̀dà ẹ̀ máa wá sọ́dọ̀ òun. Ọjọ́ tí ìwé owó gidi bá ti jáde lòun náà á fi tiẹ̀ tẹ̀lé e, àdírẹ́sì ẹ̀ á jọ ti gidi, bóyá lẹ́tà r àti n ló so pọ̀ tó dà bí m, ta ló fẹ́ rí ìyẹn lójú fóònù?

Torí náà ẹnikẹ́ni tó bá lóun ti pààrọ̀ akáǹtì, ì báà jẹ́ ọ̀gá, ì báà jẹ́ ẹni tẹ́ ẹ ti ń rajà lọ́wọ́ ẹ̀ láti ogún ọdún, ẹ gbé fóònù kẹ́ ẹ pè é sórí nọ́ńbà tẹ́ ẹ ti ní lọ́wọ́ tipẹ́, tó wà nínú fáìlì àtijọ́. Kì í ṣe èyí tó wà lórí ìwé tuntun tí wọ́n fi ránṣẹ́ o, torí olè náà ní fóònù, á gbé e, á sì kí yín dáadáa, á tiẹ̀ béèrè ọmọ. Mo tún mọ àwọn tó máa ń kọ́kọ́ fi ₦100 dán an wò, wọ́n á ní ṣé ẹ ti rí i, wọ́n á ní a ti rí i. Ta ló ní òun rí i? Olè yẹn náà ni. ₦100 yẹn ò sọ nǹkan kan fún yín ju pé akáǹtì ọ̀hún wà lóòótọ́. Orúkọ tó máa ń jáde tẹ́ ẹ bá ti tẹ nọ́ńbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tán, ẹ kà á dé ìparí, torí olè lè ṣí akáǹtì sórúkọ tó jọ ọ́, tó bá jẹ́ pé Nigeria Limited lẹ̀ ń bá ṣòwò, tí Ventures wá jáde, ẹ dúró ńbẹ̀.

Ní ti iṣẹ́ yín, ẹ kọ nǹkan kékeré kan sórí ìwé, ojú ewé kan ti tó, pé a ò ní sanwó sí akáǹtì tuntun àfi tí èèyàn méjì bá ti pe ẹni tó ni ín, kí ọ̀gá fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ọjọ́ tí ohùn ọ̀gá bá tún ní má pè mí, àṣẹ ọ̀gá fúnra ẹ̀ lẹ̀ ń tẹ̀ lé. Ọ̀gá tó bá wá bínú pé ẹ pe òun kẹ́ ẹ tó san mílíọ̀nù méjìdínlógún… ẹ jẹ́ n dákẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, àwọn tó ń ra búrẹ́dì lọ́pọ̀ á fi alẹ́ẹ̀tì hàn mí, màá kó ọjà fún wọn, owó ò ní wọlé. Ó ti di ẹ̀ẹ̀mẹta. — Oníbúrẹ́dì, Òṣogbo

Alẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n tẹ̀ ránṣẹ́ lásán ni, ẹni tó bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ ibi lè fi orúkọ báǹkì sí orí tiẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi hàn yín nínú fóònù tiwọn ló tún wá burú jù, torí áàpù wà tó kàn ń ya rìsíìtì. Báláǹsì ni kẹ́ ẹ máa wò, nínú áàpù báǹkì tiyín tàbí kẹ́ ẹ tẹ kóòdù báǹkì yín lórí fóònù, kí ọjà tó kúrò nílẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́ kí ọmọ tó ń bá yín tajà mọ iye tẹ́ ẹ ní, ẹ ṣí akáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ọjà títà nìkan, kó máa rí ìyẹn, kẹ́ ẹ sì máa gbá owó inú ẹ̀ lọ sí ti gidi lálaalẹ́. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń san owó gọbọi kí ẹnì kan lè wá bá wọn sọ èyí o, búrẹ́dì kan lẹ ó fi san tèmi.

Mà, a ń ṣe oúnjẹ adìyẹ, òṣìṣẹ́ wa tó ogójì, a ní akáǹtì mẹ́sàn-án ní báǹkì márùn-ún. Ọ̀gbẹ́ni kan láti Èkó tó pe ara ẹ̀ ní agbaninímọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ akápò ní a gbọ́dọ̀ ra software kan tó máa kó gbogbo ẹ̀ sójú kan, owó tó sì pè ga ju owó ọkọ̀ tí a fi ń gbé àgbàdo lọ. Ṣé ká rà á? — Oníléeṣẹ́, Ìbàdàn

Kí n bi yín: ọ̀gbẹ́ni yẹn, ṣé ó béèrè iye tẹ́ ẹ ní láàárọ̀ ọjọ́ tó wá? Tó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ gbé jáde, ẹ jẹ́ kó mu omi kó máa lọ sí Èkó ẹ̀. Mi ò bú iṣẹ́ tí èmi náà ń jẹ o, àmọ́ ẹni tó bá mọ iṣẹ́ yìí, bébà àti bírò ló fi ń bẹ̀rẹ̀.

Ẹ ya akáǹtì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán sórí ìwé, ẹ kọ ohun tí kálukú wà fún síwájú ẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tó lè fọwọ́ sí owó níbẹ̀. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ sí í ya ẹnu. Ilé iṣẹ́ kan tí mo lọ, ẹni tó ti fiṣẹ́ sílẹ̀ láti ọdún mẹ́rin ṣì lè fọwọ́ sí ṣẹ́ẹ̀kì wọn, ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n jọ ń figagbága ló sì wà! Mẹ́ta nínú mẹ́sàn-án yín ti tó: ọ̀kan tí owó ń gbà wọlé, ọ̀kan tí owó ń gbà jáde, ọ̀kan fún owó oṣù òṣìṣẹ́ àti owó orí. Èyí tí owó ń gbà wọlé, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè gba ibẹ̀ sanwó jáde rárá, àfi kó máa lọ sí ìkejì.

Lẹ́yìn náà ẹ kọ ọ̀sẹ̀ 13 tó ń bọ̀ kalẹ̀, ohun tó máa wọlé lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ohun tó máa jáde. Oníṣòwò àgbàdo ni yín, ẹ mọ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá ń kórè lẹ gbọ́dọ̀ ní owó lọ́wọ́ kẹ́ ẹ rà á pamọ́ kó tó wọ́n, ẹni tí kò bá sì ní in sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, báǹkì ló máa sá lọ bá, èlé á wá jẹ gbogbo èrè orí adìyẹ. Èyí tó máa ń dùn mí jù ni pé ẹ lè máa san èlé ní báǹkì kan, kí owó yín sì sùn sílẹ̀ ní báǹkì kejì láìsí ẹni tó mọ̀, torí akáǹtì pọ̀ jù. Ibẹ̀ gan-an lowó tí agbaninímọ̀ràn gidi ń bá èèyàn rí máa ń wà.

Ní ti ààbò, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹni tó ń tẹ owó kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ń fọwọ́ sí i. Wọ́n mọ̀ ọ́n, àmọ́ mo ti fojú mi rí tókìn méjèèjì (ẹ̀rọ kékeré tó ń yọ nọ́ńbà téèyàn fi ń fọwọ́ sí owó) nínú dúrọ́ọ̀ kan ṣoṣo, wọ́n sì fi bírò kọ páàsìwọ́ọ̀dù sẹ́yìn ẹ̀, torí ọ̀gá kì í dé lásìkò. Ibòmíì tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í wò. Ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń ṣírò máa ń tú orúkọ àti owó àwọn èèyàn sínú fáìlì Excel, ọmọ kan á wá gbé fáìlì yẹn lọ sórí ojú òpó báǹkì. Láàárín méjèèjì, orí kọ̀ǹpútà ọmọ yẹn ló wà. Ó lè ṣí i, ó lè yí nọ́ńbà akáǹtì ẹnì kan ṣoṣo, orúkọ ò yí, iye owó ò yí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ fọwọ́ sí i á wo àpapọ̀, àpapọ̀ pé, ẹ tẹ̀ ẹ́, ó tán. Tí software ọ̀gbẹ́ni yẹn bá lè jẹ́ kí ìṣirò yín bá báǹkì sọ̀rọ̀ tààrà láìgba ọwọ́ ẹnikẹ́ni kọjá, ó ní nǹkan tó ń tà nìyẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ má wo àpapọ̀ mọ́, ẹ máa ṣa nọ́ńbà bíi mẹ́wàá nínú ẹ̀ kẹ́ ẹ fi wé ti oṣù tó kọjá, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Kẹ́ ẹ sì rí i pé ẹni tó lè yí nọ́ńbà akáǹtì àwọn èèyàn nínú ìwé yín, kò lè sanwó. Ẹni tó lè sanwó, kò lè yí nọ́ńbà.

Ogójì òṣìṣẹ́, báǹkì márùn-ún… mi ò rò pé ẹ ti tó o rà. Ẹ dín akáǹtì kù ná, kẹ́ ẹ tún kọ̀wé sí mi lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo ń kàwé nípa báǹkì ní Poli, olùkọ́ wa sọ̀rọ̀ nípa SWIFT àti owó Bangladesh, kò yé mi. Ṣé inú ẹ̀ lowó ń gbà ni? — Ọmọ Poli, Adó-Èkìtì

Rárá o, ọmọ mi, owó ò gba inú ẹ̀. Ṣé o mọ àrokò? Ọba kan á di nǹkan sínú igbá, á fi rán ìránṣẹ́ sí ọba kejì, ẹni tó gbà á mọ ohun tó túmọ̀ sí, á sì ṣe é. SWIFT ni àrokò àwọn báǹkì, ọdún 1973 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Belgium ni olú ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà. Báǹkì kan á fi sọ fún ìkejì pé mú lára owó mi tó wà lọ́dọ̀ rẹ, fún lágbájá. Owó ò rìn, àrokò ló ń rìn. Ẹni tó bá wá jí ìránṣẹ́ ọba gbé, tó wọ aṣọ ẹ̀, kò nílò láti fọ́ àká.

Ohun tí wọ́n ṣe fún báǹkì àpapọ̀ Bangladesh nìyẹn ní February 2016. Wọ́n ti wọ inú kọ̀ǹpútà báǹkì ọ̀hún tipẹ́tipẹ́, wọ́n wá dúró de alẹ́ Tọ́sìdeè, torí Jímọ̀ àti Sátidé ni wọ́n fi ń sinmi níbẹ̀. Àṣẹ 35 ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí báǹkì Federal Reserve, báǹkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ní New York, níbi tí owó Bangladesh wà, owó tí wọ́n béèrè ń lọ sí bílíọ̀nù kan dọ́là. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó yẹ kó máa tẹ ẹ̀rí gbogbo owó tó ń jáde kò ṣiṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ rò pé ó bàjẹ́ bó ṣe máa ń bàjẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n máa fi tún un ṣe, New York náà ti wọ wíkẹ́ẹ̀ǹdì, nígbà tó sì di Mọ́ńdè, ọlidé ọdún tuntun àwọn Ṣáínà ni ní Philippines níbi tí owó lọ. Ṣó o rí bí wọ́n ṣe to ọjọ́? Àwọn ọmọ yìí ka kàlẹ́ńdà ju akápò lọ.

Ohun tó kó wọn yọ kì í ṣe ẹ̀rọ olówó ńlá. Orúkọ òpópónà tí báǹkì tó fẹ́ gbowó wà ní Manila ni Jupiter, orúkọ yẹn bá ti ọkọ̀ òkun kan tí wọ́n ti fòfin dè mu, ẹ̀rọ New York bá dá ọ̀pọ̀ nínú àwọn àṣẹ yẹn dúró kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ogún mílíọ̀nù tó ń lọ sí Sri Lanka, àwọn olè ṣi ‘foundation’ kọ, wọ́n kọ ‘fandation’, báǹkì tó wà láàárín rí i, ó ní kí lèyí. Sípẹ́lì o! Síbẹ̀ 81 mílíọ̀nù dọ́là wọ Manila, ó gba ilé tẹ́tẹ́ lọ, díẹ̀ ló padà. Gómìnà báǹkì àpapọ̀ wọn kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí o bá di òṣìṣẹ́ báǹkì, tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bá bàjẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀, dìde lọ wò ó.

Ìyá Akápò, Peckham ni mo wà, mò ń kọ́lé sí Abẹ́òkúta. Kọ́ńtírákítọ̀ fi íméèlì ránṣẹ́ pé akáǹtì ti yí padà. Wọ́n ní báǹkì ìlú ọba máa ń dá owó padà tí wọ́n bá lu èèyàn ní jìbìtì, ṣé kí n kàn san án? — Bọ̀dá Peckham

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má san nǹkan kan! Òfin yẹn wà lóòótọ́, láti October 7, 2024 ni, báǹkì ibẹ̀ gbọ́dọ̀ dá owó padà fún ẹni tí wọ́n tàn sanwó, títí dé £85,000. Àmọ́ owó tó bá ti inú ìlú ọba lọ sí inú ìlú ọba ni. Èyí tó bá ti wọ bàlúù wá sí Nàìjíríà, ó ti bọ́ lọ́wọ́ òfin yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún ni ò mọ̀.

Tẹ́ ẹ bá sì gbà mí láyè kí n fi ilé wa yangàn díẹ̀: orúkọ tó ń jáde tí èèyàn bá tẹ nọ́ńbà akáǹtì, a ti ń rí i nílé látìgbà tí NIP, ètò tí báǹkì wa fi ń fi owó ránṣẹ́ síra wọn lójú ẹsẹ̀, ti dé ní 2011, 2020 ni tiwọn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ lò ó, kí ẹnì kan nílé tẹ nọ́ńbà tuntun yẹn kó ka orúkọ tó jáde fún yín. Ẹ pe kọ́ńtírákítọ̀ sórí nọ́ńbà àtijọ́. Kí àbúrò tàbí ẹ̀gbọ́n kan dé orí ilẹ̀ yẹn, kó bá a sọ̀rọ̀ lójúkojú. Látìsinsìnyí lọ, bí iṣẹ́ bá ṣe ń ga ni kẹ́ ẹ máa sanwó, ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé, kì í ṣe bí íméèlì bá ṣe ń wọlé.

Ìyá Akápò, gbogbo oṣù lẹ̀ ń kọ́ wa pé ká má gbẹ́kẹ̀ lé ara wa. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń tọ́jú owó ilé iṣẹ́ mi láti ọdún méjìlá, òun nìkan, kọ́bọ̀ ò sọnù rí. Ẹ má fi ìfura tú ilé onílé ká. — Baba Oníléeṣẹ́, Ṣágámù

Ẹ kú ìkàlẹ̀ sà. Ẹ má bínú, àmọ́ báwo lẹ ṣe mọ̀ pé kọ́bọ̀ ò sọnù, nígbà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń ṣírò ẹ̀ fún yín? Alájọ ọjà Ìta Ọṣìn pàápàá, ẹni tó ń dájọ náà ní káàdì lọ́wọ́ tiẹ̀, wọ́n á fàlà sí méjèèjì lójú ara wọn. Ta ló sọ pé wọn ò fẹ́ràn ara wọn?

Báǹkì kan wà ní Brazil, Banco Noroeste, ọ̀gá kan níbẹ̀ ní àṣẹ lórí owó wọn tó wà nílẹ̀ òkèèrè. Láti 1995 sí 1998, àwọn ọmọ Nàìjíríà kan pe ara wọn ní gómìnà CBN àti èèyàn ńlá, wọ́n ní ká kọ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun s'Ábújá, ọ̀gá yẹn á jẹ èrè mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là nínú ẹ̀. Pápákọ̀ tí kò sí níbì kankan o. 242 mílíọ̀nù dọ́là ló ti ọwọ́ ọkùnrin yẹn jáde, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ò mọ̀. Ìgbà tí báǹkì Santander fẹ́ rà wọ́n, tí àlejò béèrè pé kí ló dé tí ìdajì owó yín fi wà ní erékùṣù Cayman, lọ̀rọ̀ tú. Báǹkì yẹn wó ní 2001. Olóòótọ́ ni wọ́n ka ọkùnrin yẹn sí títí dọjọ́ yẹn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín lè jẹ́ áńgẹ́lì. Ẹ fún un ní lìfù ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹlòmíì jókòó síbẹ̀. Tó bá kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò fẹ́ sinmi, ẹ pè mí.

Owó ti lọ, mà. Mílíọ̀nù méjì àbọ̀, láàárọ̀ yìí. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Aláṣọ, Iléṣà

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni lẹ́tà yín ti wà lọ́nà, mo sì ti pè yín kí èyí tó jáde, àmọ́ mo dá a lóhùn fún ẹlòmíì tó bá kàn. Wákàtí àkọ́kọ́ ló ṣe pàtàkì jù, torí olè kì í fi owó sílẹ̀ sùn, akáǹtì mẹ́ta mẹ́rin ló máa pín in sí. Ẹ pe báǹkì yín lójú ẹsẹ̀, ẹ ní ẹ fẹ́ bá àwọn tó ń rí sí jìbìtì sọ̀rọ̀, ẹ má lọ tò lórí ìlà. Lórí rìsíìtì tíránsífà yẹn nọ́ńbà gígùn kan wà, ọgbọ̀n díjíìtì ni, session ID ni wọ́n ń pè é, òun ni báǹkì kejì máa fi wá owó náà rí kó tó dè é mọ́lẹ̀. Kẹ́ ẹ fi ìwé tẹ̀lé ìpè yẹn, kí wọ́n gbà á, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà tí aago àti déètì wà lára ẹ̀, nígbà náà kẹ́ ẹ gba ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá tàbí EFCC lọ. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́ nínú fóònù yín, bó ti wù kó tì yín lójú tó. Ẹ yí páàsìwọ́ọ̀dù íméèlì yín padà láti orí fóònù ẹlòmíì.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹnì kan á pè yín, á ní òun gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, òun ní ẹni tó lè gba owó yẹn jáde ní báǹkì, ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta péré lẹ máa kọ́kọ́ san. Àwọn kan náà ni. Ẹ pa fóònù náà.